Ta ló ti dé Cachoeira rí? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Àgbẹ̀ Tábà:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Tí ọ̀rọ̀ Bàhíà, ìpínlẹ̀ kan ní Bràsíl, bá ti délẹ̀ láàárín wa, Salvador tí í ṣe olú-ìlú rẹ̀ ni gbogbo ẹnu máa ń sáré lọ. Ẹ jẹ́ ká fi Salvador sílẹ̀ lónìí. Ìlú kékeré kan wà ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní Recôncavo, bọ́ọ̀sì á rìn tó wákàtí méjì àti díẹ̀ láti Salvador kó tó débẹ̀. Cachoeira ni, etí odò Paraguaçu ló wà. São Félix wà ní òdìkejì odò, àwọn méjèèjì ń wo ara wọn lójú bí orogún. Ẹni tó bá ti débẹ̀ rí, kó wá sọ tirẹ̀. Èmi ni màá kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ọmọ Òkè Ògùn ni mí. Tábà ni bàbá mi gbìn tó fi rán gbogbo wa níléèwé. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìsẹ́yìn sí Ṣakí á mọ ohun tí mò ń wí: abà gíga tí a ń dáná igi sí, ewé tí a so mọ́ ọ̀pá tí a sì kọ́ sókè ní ìpele ìpele, àwa ọmọdé tí a ń ṣọ́ iná mọ́jú, nítorí tí iná bá lọ sílẹ̀ lóru, ewé á bàjẹ́, owó á sì dín. Mi ò mu sìgá rí láyé mi. Ṣùgbọ́n òórùn tábà tó ń gbẹ, tí ẹ bá dì mí lójú, màá mọ̀ ọ́n.

Oṣù kẹjọ ni mo lọ. Ọ̀rọ̀ òrìṣà ló kó àwọn tí a jọ wọ bọ́ọ̀sì wá, irọ́ sì ni màá pa tí mo bá ní nǹkan mìíràn ló gbé èmi lọ. Ọdún àwọn ìyá Boa Morte, ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin dúdú ìlú náà, la fẹ́ wò. Ní ọjọ́ kejì, mo jí ní kùtùkùtù, mo ní kí n fi ẹsẹ̀ gba orí afárá lọ sí São Félix. Afárá irin ni, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kó irin rẹ̀ wá, ọdún 1885 ni wọ́n sì ṣí i. Orúkọ ọba wọn nígbà náà, Dom Pedro Kejì, ló ń jẹ́. Ojú kan náà ni rélùwéè àti mọ́tò jọ ń gbà. Bí rélùwéè bá ń bọ̀, kí mọ́tò yáa dúró. Mo dé àárín afárá, odò ń lọ wẹ́rẹ́ lábẹ́ mi, ni afẹ́fẹ́ bá gbé òórùn kan wá. Mo dúró ṣinṣin. Tábà ni!

Mo tẹ̀ lé imú mi. Ilé náà wà létí odò, ilé àtijọ́ tó gbòòrò, orúkọ Dannemann wà lára rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni Geraldo Dannemann, ọdún 1873 ló dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní São Félix, òun náà ló sì di olórí ìlú àkọ́kọ́ nígbà tí São Félix kúrò lábẹ́ Cachoeira. Láyé tí charuto lòkìkí, ìyẹn sìgá ńlá tí àwọn olówó máa ń fi sẹ́nu, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ló ń jẹun nídìí rẹ̀ ní Cachoeira, São Félix, Muritiba àti Maragogipe. Lónìí, ìwọ̀nba ló kù. Àwọn tí mo bá nínú ilé yẹn jókòó ní ọ̀wọ́, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì rẹ̀, pátákó rẹ̀, àti ọ̀bẹ rẹ̀. Ẹ má gba irọ́ àwọn tó ń sọ pé orí itan ni wọ́n ti ń yí charuto o. Orí pátákó ni. Wọ́n á kọ́kọ́ kó àfọ́ ewé sínú, wọ́n á fi ewé kan dì í, wọ́n á wá mú ewé tó dára jù, tí kò ní ihò kankan, fi wé e lóde. Ọwọ́ wọn yára bí ọwọ́ ẹni tó ń dirun.

Mo sọ fún ìyá kan, pẹ̀lú èdè Potogí mi tó ń tiro, pé ọmọ àgbẹ̀ tábà ni mí láti Nàìjíríà. Ó gbójú sókè. "Ẹ̀yin náà ń gbin tábà?" Bóyá ó rò pé ìlù nìkan là ń lù. Mo ṣàlàyé abà wa àti iná wa fún un, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹni tó jókòó tì í: "Ẹ wá gbọ́ o, iná ni wọ́n ń yá sí i!" Tiwọn kì í rí iná. Inú abà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ni wọ́n ń fi í kọ́ sí, nínú ibòji, títí á fi gbẹ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tò ó jọ gègèrè, tí gègèrè náà á bẹ̀rẹ̀ sí í móoru láti inú, tí wọ́n á tú u, tí wọ́n á tún un tò, oṣù lórí oṣù. Bí a ṣe ń bo irú mọ́lẹ̀ gan-an ni. Ibẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ ti ń dúdú tí òórùn rẹ̀ sì ń dùn. Mata Fina ni wọ́n ń pe irú tábà yẹn.

Ìyá náà ní oko ẹ̀gbọ́n òun kò tóbi, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀wà ni wọ́n jọ ń pín ilẹ̀ náà lò. Nígbà òjò ni wọ́n ń gbin tábà. Ó ní láyé àtijọ́, bí wọ́n bá fẹ́ gbin tábà síbì kan, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe ọgbà ká a, wọ́n á da màlúù síbẹ̀ lálaalẹ́ títí ilẹ̀ á fi yó, kí wọ́n tó gbé ọgbà náà síwájú. Ìgbẹ́ màlúù ló ń mú tábà Cachoeira sanra. Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò lọ́kàn mi, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Ìdí tí ìlú náà fi wà níbi tó wà kò ṣòro. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi lè gòkè odò dé nìyẹn. Àpáta àti omi tó ń já wà lókè rẹ̀. Ohun tí cachoeira túmọ̀ sí náà nìyẹn. Ìbaaka á kó ẹrù wá láti inú igbó, ọkọ̀ á gbà á lọ sí Salvador. Ọdún 1698 ni ìjọba Potogí sọ ọ́ di ìlú. Ìrèké ni ti àwọn olówó, tí wọ́n ní ẹrú rẹpẹtẹ àti ẹ̀rọ ìfúnrèké. Tábà ni ti àgbẹ̀ kékeré. Ewé tó dára jù á lọ sí Lisbon. Èyí tó ti gé, tó ti ya, tí òfin ò jẹ́ kó wọ Lisbon, wọ́n á lọ́ ọ bí okùn, wọ́n á ká a, wọ́n á fi omi ìrèké dúdú tó ki bí oyin pa á lára kó má baà gbẹ lójú òkun. Ibi tí wọ́n ń kó ìyẹn lọ ni etíkun tiwa níbí: Wídà, àti Apá nítòsí Àgbádárìgì. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi rà níbẹ̀.

Mo ti sọ tèmi. Ó kù sọ́wọ́ yín.

Ìyá Alákàrà Peckham:

Ọmọ mi, o kú ìrìn, o kú àdúrótì. Tábà lo rí, ìkòkò ni èmi rí. Ọmọbìnrin mi lọ ṣe ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Recôncavo (ọdún 2005 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Cachoeira níbẹ̀), èmi náà bá ní kí n lọ wo ibi tó ń sùn.

Wọ́n ti sọ fún mi pé màá rí àkàrà. Mo rí i. Acarajé ni wọ́n ń pè é, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, aṣọ funfun ni ìyá tó ń tà á wọ̀, ó wé gèlè. Omi fẹ́ẹ̀ jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tó wà nínú mi: ó ti tóbi jù! Àkàrà tó tó ìkúùkù ọkùnrin, tí wọ́n là láàárín, tí wọ́n ki edé gbígbẹ àti ọbẹ̀ tó ki bọ inú rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò ṣe é kéékèèké kó tò ó sínú abọ́, ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè.

Èyí tó bà mí lẹ́rù ni maniçoba. Ewé ẹ̀gẹ́ ni o! Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ta ló jẹ ewé ẹ̀gẹ́ nílé yín? Ewúrẹ́ pàápàá, tó bá jẹ ẹ́ jù, a óò máa sáré wá epo pupa fún un. Àwọn wọ̀nyí á gún un, wọ́n á sè é fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí májèlé inú rẹ̀ lè jáde tán, wọ́n á wá fi ẹran oníyọ̀ àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sí i. Ó dúdú bí ọbẹ̀ àpọ̀n tó jóná. Ìyá onílé bu ún fún mi, mo kọ́kọ́ gbàdúrà. Lẹ́yìn náà mo ní kó tún bu ún wá.

Gààrí wọn ni mo bá a jà. Mo bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń yan án, agbada ńlá, igi gbọọrọ tí wọ́n fi ń rò ó, gbogbo rẹ̀ dà bíi tilé. Mo bu ṣíbí kan sẹ́nu. Kò kan! Wọn kì í jẹ́ kó wà nínú àpò títí á fi kan. Bí wọ́n bá ti rin ín ni wọ́n ń fún un, tí wọ́n sì ń yan án. Mo sọ fún ìyá tó ń rò ó pé ní Ìjẹ̀bú, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó tà á. Ọmọ mi kọ̀ láti túmọ̀ ìyẹn.

Lóṣù kẹsàn-án, ní ọdún Cosme àti Damião, àwọn ẹni mímọ́ tó jẹ́ ìbejì, wọ́n ń se caruru, ìyẹn ilá pẹ̀lú epo àti edé. Ọmọdé méje ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún jẹ kí àgbà tó fọwọ́ kàn án. Mo ní ìbejì nílé, mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Àgbà Pópó Àgùdà:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín. Ọdún 1994 ni mo débẹ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ti di olóògbé. Àgùdà ni wá ní Èkó, ọmọ àwọn tó ti Bràsíl padà wá, ìdílé tó ń se frejon, ìyẹn ẹ̀wà alágbọn, lọ́jọ́ Ẹtì Rere títí dòní.

Ilé tí wọ́n fi wá wọ̀ sí kò jìnnà sí odò. Lára ògiri ìyẹ̀wù, bàbá onílé fi ọwọ́ hàn wá ibi tí omi kún dé nígbà kan. Ó ga ju orí mi lọ, èmi kì í sì í ṣe ènìyàn kúkurú. Ó ní ìyàwó òun kì í tọ́jú ohun tó níye lórí sí ìsàlẹ̀ ilé. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí á tó dé ni ìjọba di odò náà lókè, ní Pedra do Cavalo, láti kápá omi yẹn, kí Salvador sì lè rí omi mu. Bàbá náà ní omi ti dẹwọ́, ṣùgbọ́n ẹja náà ti dẹwọ́.

Ti tábà tí ọmọ wa kọ́kọ́ sọ yẹn ni mo fẹ́ fi ọwọ́ kàn. Ìyá tó bí ìyá mi fẹ́ràn aáṣáà. Agolo rẹ̀ kì í kúrò nídìí ìró rẹ̀. Bí a bá ń sọ ìtàn òwò ẹrú nílé wa, ìbọn la máa ń sọ, ọtí la máa ń sọ, dígí àti ìlẹ̀kẹ̀. A kì í sọ ti tábà. Bẹ́ẹ̀, tábà tí Lisbon kọ̀ yẹn ni àwọn oníṣòwò etíkun wa ń béèrè, wọn ò sì gba ti ibòmíràn dípò rẹ̀. Adùn omi ìrèké yẹn ló mú wọn. Mo jókòó sí etí odò Paraguaçu nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń ro ti agolo ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé ara mi ò yá ni.

A rí ọdún àwọn ìyá náà. Boa Morte, Ikú Rere. Obìnrin dúdú, àgbàlagbà, ni gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tí àwọn ìyá ìyá wọn dá sílẹ̀ láyé ẹrú, tí wọ́n ń dáwó láti ra àwọn ẹrú sílẹ̀, tí wọ́n sì ń sin òkú ara wọn bó ti yẹ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aṣọ funfun, oúnjẹ funfun, kò sí epo, kò sí ẹran. Lóru ọjọ́ kejì, wọ́n gbé ère Màríà jáde bí òkú, àbẹ́là lọ́wọ́ gbogbo wọn, ìlú dákẹ́ jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kẹta tí í ṣe 15 oṣù kẹjọ, wọ́n yí padà: pupa, wúrà, ìlẹ̀kẹ̀, ìlù, oúnjẹ fún gbogbo ayé. Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀ ju àwa lọ, àwa méjì péré ni ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà gbá ẹ̀gbọ́n mi mú, kò sọ nǹkan kan, kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Ẹni Tó Ń Kọjá:

Ẹ forí jì mí o, ẹ̀yin àgbà. Ṣé wọ́n ń sọ Yorùbá níbẹ̀ àbí wọn ò sọ? Ẹnì kan ní orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Yorùbá ni gbogbo ìlú yẹn ń sọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn:

Àbúrò, wọn ò sọ ọ́. Potogí ni wọ́n ń sọ. Ohun tó kù ni orin, àdúrà, orúkọ oúnjẹ, àti oyè nínú ilé òrìṣà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ebômi. Ẹni tó ti pé ọdún méje lẹ́yìn tó ṣe ìyàwó òrìṣà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi" ni. Wọ́n lè sọ fún ẹ pé "ebômi mi ń bọ̀", ìyẹn "ẹ̀gbọ́n mi mi". Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ jẹ́ kí n sì fi kún un, nítorí a fẹ́ràn láti gba gbogbo nǹkan mọ́wọ́: Cachoeira kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn Jeje, ìyẹn àwọn tó ti ilẹ̀ Dàhómì wá, lágbára níbẹ̀ gidigidi. Seja Hundé, ọ̀kan nínú ilé ìsìn tó lókìkí jù níbẹ̀, vodun, ìyẹn òrìṣà àwọn ará Dàhómì, ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣáà ń wá Ṣàngó kiri níbẹ̀ á fojú fo ìdajì ìlú.

Oṣù kẹfà ni èmi lọ. Ẹ gbọ́ mi, oṣù kẹfà ló dùn jù. Ọdún São João ni: iná níwájú ilé, àgbàdo sísun, ẹ̀pà sísè nínú èèpo rẹ̀, ọtí tí wọ́n fi èso jenipapo ṣe. Òjò ń rọ̀ wẹ́liwẹ́li, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń jó. Lẹ́yìn ọjọ́ kan péré, tó bá di 25 oṣù kẹfà, ìlú náà á di olú-ìlú Bàhíà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Gómìnà á kó ìjọba rẹ̀ wá síbẹ̀. Òfin ọdún 2007 ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn lọ́dún 1822 ni ìgbìmọ̀ ìlú dìde pé ti Dom Pedro Kìíní, bàbá Dom Pedro Kejì, ni àwọn ń ṣe, àwọn ò ṣe ti Lisbon mọ́. Ọkọ̀ ogun Potogí kan tó wà lójú odò yìnbọn lu ìlú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ará ìlú gba ọkọ̀ náà. Ó gba ọdún kan sí i, 2 oṣù keje 1823, kí Potogí tó kúrò ní Salvador. Òmìnira yẹn kò kan ẹrú o. Wọ́n dúró di 1888.

Mo tún rí sámbà wọn, samba de roda, tí UNESCO kéde lọ́dún 2005 pé ohun àjogúnbá pàtàkì ni. Obìnrin kan gbé àwo ìjẹun sọ́wọ́, ó ń fi ọ̀bẹ ha á lára, ìlù nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tábà á gbádùn eléyìí: àwọn kan ń pàtẹ́ pátákó kékeré méjì pọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yí charuto ni ìyẹn ti wá. Dona Dalva Damiana de Freitas, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún yí charuto ní ilé iṣẹ́ Suerdieck, ló kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ dá ẹgbẹ́ sámbà sílẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń pe ẹgbẹ́ ọ̀hún: Samba de Roda Suerdieck. Ilé iṣẹ́ ti kógbá sílé. Wọ́n ṣì ń jó.

Ìyá Alákàrà Peckham:

Akẹ́kọ̀ọ́, pátákó yẹn! Mo rí i, mo rò pé wọ́n ń fi lé eṣinṣin ni.

Ọmọ Àgbẹ̀ Tábà:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Bàbá wa ní Pópó Àgùdà, ọ̀rọ̀ agolo yẹn kò jẹ́ kí n sùn lánàá.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ màlúù. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò ní São Félix, ìyá tó fi mí rẹ́rìn-ín yẹn ká ewé kan ṣoṣo sínú aṣọ fún mi, ó ní kí n fún bàbá mi, kó wò ó bóyá ó ju tiwọn lọ. Ó pé oṣù méjì kí n tó délé. Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì ti pẹ́ tó ti gbin tábà kẹ́yìn. Mi ò sọ ibi tí mo ti mú un wá fún un. Mo kàn gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó fi àtàńpàkò tẹ ìṣàn àárín ewé náà. Ó na ewé náà wò bóyá á ya. Ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ewé yìí kò rí iná." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó gé ibi ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó fi sí abẹ́ ahọ́n, ó dijú. Ó wá ní, "Ilẹ̀ tó hù ú yó dáadáa. Màlúù ló dá sí i. Mélòó ni màlúù wọn?"

Mo sọ fún un pé ìlú kan ní Bràsíl ni, mo sọ ti abà wọn, mo sọ ti gègèrè tó ń móoru láti inú. Ó gbọ́, ó ń mi orí. Ó ní kí n bá òun kí wọn, àgbẹ̀ ni wọ́n. Ewé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ti Wídà àti Apá, mi ò tíì sọ ọ́ fún un.